Àwo Orin Tí Kò Ní Orúkọ, Ohùn Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀

Bí ọmọ bá ń gbọ́ orin nínú ilé, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí ni pé, "Kí ni olórin yìí ń sọ?" Ìbéèrè náà tọ̀nà. Òun ni òṣùwọ̀n tí àwa àgbà ti ń lò tipẹ́tipẹ́. Bí ọ̀rọ̀ inú orin bá jẹ́ ọgbọ́n, a ó ní kí ó máa lọ. Bí ó bá jẹ́ èébú tàbí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, a ó ní kí wọ́n pa á kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí bí olórin kan bá kọrin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 72, tí kò sì sọ gbólóhùn kan tí ó ní ìtumọ̀ ní èdè kankan? Irú àwo orin bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbọ́ ọ, àwọn òbí wọn kò sì mọ ohun tí wọn ó fi dá a lẹ́jọ́.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a sọ èyí. Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí ohun èlò orin kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò sì gbé e wá síbí. Ẹni tí ó bá ti pinnu pé òun kò ní gbọ́, ọ̀nà tirẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń gbọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀, kí ó má baà fi etí lásán gbọ́.

Sigur Rós ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà. Ọdún 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Reykjavík, olú-ìlú Iceland, erékùṣù kan tí ó wà ní ìhà àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ará Nọ́wè pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, ìdí nìyí tí èdè àti àṣà wọn fi bá ti Scandinavia tan. Orúkọ àbúrò olórin wọn obìnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà, ni wọ́n mú sọ ẹgbẹ́ wọn. Olórin ọ̀hún ni Jón Þór Birgisson, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jónsi. Òun ni ó ń ta gìtá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í fi ìka ta á bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ta á. Ọrun tí àwọn òyìnbó fi ń fa cello, èyí tí a lè pè ní gòjé ńlá wọn, ni ó fi ń fa okùn gìtá náà, ohùn rẹ̀ á sì máa hun bí afẹ́fẹ́ tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣe àwo yìí ni Georg Hólm tí ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Kjartan Sveinsson tí ó ń tẹ dùùrù, àti Orri Páll Dýrason tí ó ń lu ìlù. Àwọn obìnrin mẹ́rin kan, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Amiina, ni wọ́n bá wọn ta ohun èlò olókùn.

Oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àwo náà jáde. Kò ní orúkọ. Àmì àkámọ́ méjì tí a fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́ ni wọ́n gbé sí iwájú rẹ̀, ( ), kò sì sí ohunkóhun láàárín àmì méjèèjì. Orin mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kankan wọn kò sì ní orúkọ. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé pélébé inú rẹ̀, níbi tí àwọn olórin máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn sí, ojú ewé òfìfo ni yóò bá. Wọ́n ní kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ó bá gbọ́ síbẹ̀.

Ní ti èdè tí Jónsi fi kọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Vonlenska. "Von" ní èdè Iceland ni ìrètí, òun náà sì ni orúkọ àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1997. Bí a bá pè é ní èdè Ìrètí, a kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí a má pè é ní èdè ju bí ó ti yẹ lọ. Kò ní gírámà, kò ní ìwé atúmọ̀, kò sì sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi kọ́. Ohun tí ẹni tí ó bá ti rí ohùn orin, tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, máa ń ṣe ni: yóò máa fi ẹnu ṣe ìró kí ohùn náà má baà sọnù. Ìró díẹ̀ kan náà ni ó ń padà wá nínú ọ̀pọ̀ orin àwo yìí, tí Jónsi ń yí i síwá yí i sẹ́yìn. Olórin mìíràn ìbá wá ọ̀rọ̀ dí ojú ìró náà lẹ́yìn náà. Àwọn wọ̀nyí fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí tuntun níbẹ̀, nítorí pé èdè Iceland gan-an kò yé aráyé. Ìdájì òótọ́ ni. Nígbà tí àwo yìí jáde, gbogbo ènìyàn tí ó wà ní Iceland kò tó 300,000. Àwo tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 1999, Ágætis byrjun, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára, èdè Iceland ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì dé ibi púpọ̀ láyé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn ará ilé wọn gbọ́. Nínú àwo ti 2002 yìí, ará ilé pàápàá kò gbọ́ mọ́. Ará Reykjavík àti ará Ìbàdàn di ọgba níwájú rẹ̀. Ohun tí ó mú un ṣe pàtàkì lójú wa nìyẹn: kò sí ẹni tí a lè pè kí ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Kò rọrùn fún etí Yorùbá láti gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èdè wa kì í ya ohùn kúrò lára ìtumọ̀. Ohùn ni ó sọ ọkọ di ọkọ́, òun náà ni ó sọ ọ́ di ọ̀kọ̀. Bí onídùndún bá lu ìlù, a kì í sọ pé ìlù ń dún, a máa ń sọ pé ó ń sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa àti onílù jọ mọ gbólóhùn tí ó wà lábẹ́ ìlù náà. Nítorí náà, bí Jónsi bá gbé ohùn tín-ín-rín rẹ̀ sókè, tí ó tún fà á wálẹ̀, etí wa á bẹ̀rẹ̀ sí wá gbólóhùn kiri. Kò ní rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú mọ ohun kan tí ó fara jọ èyí, ó sì yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà da méjèèjì pọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ka súrà kan láìṣì ohùn rẹ̀ kan, síbẹ̀ kí ó má tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohùn ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wà níwájú, ó ń dúró dè é. Lọ́jọ́ tí ó bá dàgbà, yóò bá a níbẹ̀. Nínú Vonlenska, kò sí ohun tí ń dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn fi ogún ọdún gbọ́ ọ, kò ní sọ ọ́ di alfa nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi olórin náà, kò pe ohun tí ó ṣe ní ohun tí kì í ṣe. Àwa olùgbọ́ ni kí a má ṣe fi ohun tí ó dùn létí pe ohun tí ó jinlẹ̀.

Kí ni ó wá kù tí a lè fi ṣe ìdájọ́? Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí gan-an ni a fẹ́ fi wọn àwo náà. Ẹni tí ó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ṣe iṣẹ́. Ó yan àbọ̀ tí yóò sọ, ó sì mọ ohun tí ó fi pamọ́. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan rárá kò tíì ṣe iṣẹ́. Ibi tí àwo yìí ti fún wa ní àbọ̀, ó yege. Ibi tí ó ti na ọwọ́ òfìfo sí wa, tí ó ní kí a gba ẹ̀bùn, a kò gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìran kan kúrò lójú ọ̀nà ná. Àwọn tí ń kọ nípa Sigur Rós fẹ́ràn láti sọ pé yìnyín, òkè oníná àti òkùnkùn ọ̀gìnnìtìn ilẹ̀ wọn ni ó ń kọrin lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ lójú sánmà Reykjavík, bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Kẹfà ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ṣùgbọ́n yìnyín kì í fa okùn gìtá. Gbogbo ará Iceland ni ó ń rí òkùnkùn kan náà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣe irú àwo yìí. Ẹni tí ó bá fi ojú ọjọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ṣe é gan-an fi èyí hàn. Ilé ìlúwẹ̀ẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1930 ni, ní Álafoss, nítòsí Reykjavík, lẹ́bàá ibi tí ilé iṣẹ́ òwú irun àgùntàn wà nígbà kan. Àwọn olórin náà ra ilé yìí, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìgbohùnsílẹ̀. Ṣáájú kí wọ́n tó gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti ń kọ púpọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyí lójú agbo. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe èémí ilẹ̀.

Orin mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe apá kìn-ín-ní, apá yìí ni ó sì fúyẹ́ jù. Nínú orin kìn-ín-ní, dùùrù àti ohùn rírọ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ìlù kò sì wọlé títí tí etí fi ti bá ilé náà mọ́ra. Orin kẹta ni a rò pé ó dára jù. Jónsi kò kọrin rárá nínú rẹ̀. Dùùrù nìkan ni ó ń sọ ohun kékeré kan, tí ó tún un sọ, tí ó tún un sọ, tí ohùn mìíràn ń dára pọ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí tí ohun kékeré náà fi di ńlá. Kò yí padà, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́ ní òpin. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń wí nìyí. Ẹni tí ó bá ti tu ọmọ tí ń sunkún nínú rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni ó ń dá ẹkún dúró. Gbólóhùn kan náà, tí a fi sùúrù tún sọ, ni.

Lẹ́yìn orin kẹrin, àwo náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 36. Kò sí ìró kankan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. A yin ìdákẹ́ yìí ju ojú ewé òfìfo lọ, nítorí pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ní ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, ó ní ohun tí ó tẹ̀lé e, ó sì ń sọ fún olùgbọ́ pé ohun tí ń bọ̀ kò rí bí ohun tí ó kọjá.

Lóòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kejì wúwo, ó sì falẹ̀. Níbí ni a ti fẹ́ bá àwọn olórin náà wí. Orin karùn-ún sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀kẹfà sún mọ́ mẹ́sàn-án, ohun tí ó wà nínú àwọn méjèèjì kò sì tó ohun tí wọ́n fi àkókò wa ṣe. Sùúrù tí ó dùn nínú orin kẹta di ìlọ́ra níbí. Olórin tí ó ní ọ̀rọ̀ lè fa orin gùn kí ó sì máa fi ìtàn tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò ní ohun mìíràn ju ìṣètò lọ, bí ìṣètò bá dẹ̀, orin ti ṣubú nìyẹn. Orin keje, tí ó gùn jù, tí ó tó ìṣẹ́jú 13, tún gbogbo rẹ̀ gbé dìde, nítorí pé ìbànújẹ́ inú rẹ̀ ní ìtẹ̀síwájú. Ẹ̀kẹjọ ni ó kó gbogbo ẹrù náà délé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ń yọ́ rìn, ìlù ń lé e síwájú díẹ̀díẹ̀, ní ìgbẹ̀yìn ohùn àti ìlù dà pọ̀, wọ́n sì bú jáde bí àgbàrá òjò. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń fi parí eré wọn lójú agbo.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí. Àwọn tí wọ́n sọ pé orin wọn kò ní orúkọ, àwọn fúnra wọn fún un ní ìnagijẹ. Orin keje ni wọ́n ń pè ní Dauðalagið, ìyẹn orin ikú. Ẹ̀kẹjọ ni Popplagið, orin pọ́ọ̀pù, wọ́n sì fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ènìyàn kò lè gbé pẹ̀lú ohun tí kò ní orúkọ. Bí a kò bá sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ará àdúgbò á wá orúkọ fún un.

Àwọn ará àdúgbò kò sì jáfara. Ṣáájú kí àwo yìí tó jáde, fíìmù Amẹ́ríkà kan, Vanilla Sky, tí ó jáde ní 2001, ti fi orin kẹrin, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lójú agbo, sí ìparí ìtàn ọkùnrin kan tí kò mọ àlá yàtọ̀ sí ojú ayé mọ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí ń ṣe fíìmù, Floria Sigismondi, ya àwòrán fún orin kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó fi sínú rẹ̀, tí wọ́n wọ agọ̀ tí kì í jẹ́ kí a fa afẹ́fẹ́ olóró símú, tí wọ́n ń ṣeré nínú eérú dúdú lábẹ́ sánmà pupa. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn fídíò tí ó dára jù lọ́wọ́ MTV ti Yúróòpù ní 2003. Ẹni tí ó bá ti wò ó kò lè gbọ́ orin náà mọ́ kí ó má rántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n orin náà kò sọ̀rọ̀ ọmọ, kò sọ̀rọ̀ eérú. Ojú ewé òfìfo ni obìnrin yìí bá, ó sì kọ ohun tirẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́ dáadáa, a gbà. Ẹlòmíràn lè kọ ohun tí kò dára síbẹ̀, orin náà kò ní lè fọhùn pé, "Èmi kọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀." Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, olè àti àlejò ni ó lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin ọmọ wa nìyí. Ẹni tí ó máa ń gbọ́ irú àwo báyìí, òun nìkan ni ó máa ń gbọ́ ọ, lóru, pẹ̀lú ohun àgbékọ́tí létí. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, tàbí bí ìdánwò bá fi í hàn ní gbangba, orin tí ó ní ọ̀rọ̀ lè sọ fún un pé kí ó mú sùúrù, ó sì lè sọ ìsọkúsọ fún un. Èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kò ní ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí ó bá bá nínú rẹ̀ ni yóò fẹ̀ sí i. Bí ìrètí ni, yóò fẹ ìrètí. Bí àìnírètí ni, kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fẹ̀ ẹ́. Fún ìdí èyí, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí irú orin yìí, ẹ má ṣe bi í pé, "Kí ni ó ń sọ?" Kò ní èsì. Ẹ bi í pé, "Kí ni ìwọ ń rò bí o bá ń gbọ́ ọ?" Ìbéèrè yìí ní èsì, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń retí ẹni tí yóò bi í.

Àwọn olórin náà fúnra wọn kò tẹ̀dó sínú ìdákẹ́ yìí. Àwo tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ní 2005 ní orúkọ, Takk, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ ṣeun. Orin inú rẹ̀ ní orúkọ, Jónsi sì padà sí èdè Iceland nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Lójú tiwa, èyí kò sọ àwo 2002 di àṣìṣe. Ó fi hàn pé ibùdókọ̀ ni, kì í ṣe ilé. Ènìyàn lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn wọ̀nyí nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ni ìdúpẹ́, ìyẹn sì wú wa lórí.

Ìdájọ́ wa nìyí. Apá kìn-ín-ní tọ́ sí gbígbọ́, orin kẹta inú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó pegedé. Apá kejì ìbá dára jù bí wọ́n bá gé e kúrú, ṣùgbọ́n orin kẹjọ san gbèsè tí ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà jẹ. Ní ti ìwé pélébé òfìfo yẹn, a kò kà á kún iṣẹ́ wọn. Ìwọ tí o ra àwo náà ni ó kù sí lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, mú gègé rẹ, kí o sì rí i pé ohun tí o kọ jẹ́ ohun tí o lè fi han ìyá rẹ.